Ta Ló Ń Yan Ìwé Fún Wa?

Bí wọ́n bá ń yin ilé ìkàwé ìjọba kan, iye ìwé tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ fún wa. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó yan àwọn ìwé náà, ohun tó wò kó tó yàn wọ́n, àti bóyá ó tilẹ̀ rántí pé ọmọ iléèwé girama láti Ìpótì-Èkìtì lè wá jókòó síbẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO pe ìpàdé ńlá kan sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ara ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò níbẹ̀ ni ibi tí a óò ti rí ìwé, àwòrán àti fíìmù tó bá àwọn òǹkàwé Áfíríkà mu. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí.

Bí a bá ní ká sọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ náà kò le. Alákòóso ilé ìkàwé yóò wo àwọn tó ń gbé àdúgbò, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọjọ́ orí wọn àti èdè tí wọ́n ń sọ. Yóò wo ohun tó ti wà nílẹ̀ àti iye owó tó wà lọ́wọ́. Yóò gbọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé ń bèèrè, lẹ́yìn náà ni yóò ra. Ìkéde tí UNESCO ṣe lórí ilé ìkàwé ní 1994 fi kún un pé òṣèlú, ẹ̀sìn tàbí ọ̀rọ̀ ajé kò gbọdọ̀ máa darí ohun tí yóò wà níbẹ̀. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n àfi kí owó ìrawé wà ná. Níbi tí kò bá ti sí owó, ẹni tó fúnni ní ìwé ló ti bá wa yàn án.

Mo ti dé ilé ìkàwé kan tó jẹ́ pé ìwé ọrẹ ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ rẹ̀. Mo rí ìwé lórí owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rí ìwé kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà jù mí lọ. Mo rí èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó nígbà yìnyín. Ìwé gidi ni wọ́n, kì í kàn ṣe àwa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìwé Yorùbá mẹ́rin péré ni mo kà níbẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ ìwé kan náà.

Mi ò sọ pé ọrẹ kò dára o. Ẹgbẹ́ Book Aid International, tí Lady Ranfurly dá sílẹ̀ ní 1954, ń kó ìwé ránṣẹ́ sí Áfíríkà láti London, ìwé tuntun tí àwọn òǹtẹ̀wé fi tọrẹ sì ni wọ́n ń kó lóde òní. Àmọ́ òǹtẹ̀wé ò lè fi ìwé tí kò tẹ̀ tọrẹ, ìwé Yorùbá kò sì sí nínú ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ta òkìríkà lọ́jà. Bí wọ́n bá tú ẹrù tán, wọ́n á ṣà á: èyí tó dára lọ́tọ̀, èyí tó ya lọ́tọ̀, kóòtù òtútù tí ẹnikẹ́ni kò ní rà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ló wá dé tí a fi ń da páálí ìwé sórí pẹpẹ láìṣà á?

Àwọn kan ní kí a kàn máa ra ohun tí èèyàn bá bèèrè. Ilé ìkàwé Baltimore County ní Amẹ́ríkà di olókìkí nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe é níbí, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn WAEC àti JAMB ni yóò gba gbogbo pẹpẹ. The Life Changer ti Khadija Abubakar Jalli ni JAMB ní kí a kà títí di 2024. Ní 2025 ó di The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba. Ọdún tí wọ́n bá pààrọ̀ ìwé, kò sẹ́ni tó tún ń wá ti tẹ́lẹ̀. (Èmi náà yóò ṣe JAMB, ọ̀rọ̀ náà kàn mí.) Ohun tí a ń pè ní ìbéèrè òǹkàwé níbẹ̀, àjọ ìdánwò ló fi sí wa lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kì í bèèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ jáde ní 1969. Kí olùkọ́ Yorùbá wa tó yá mi ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà ní Yorùbá. Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Ó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà ní kíláàsì wa báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti fẹ́ já.

Ìyá mi ń ta ańkárá. Bó bá ń lọ ra ọjà, ohun tí àwọn oníbàárà rán an wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣaláì mú àrà kan tàbí méjì bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àwọn yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ alákòóso ilé ìkàwé nìyẹn. Kò sì lè ṣe é bí kò bá mọ oníbàárà rẹ̀.

Kí owó tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi okùn so ìwé àjákọ kan àti bírò kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá wá ìwé tí kò rí i kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀ tàbí télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọrẹ, kí wọ́n fi ìwé àjákọ náà hàn án kó tó di páálí rẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí mo máa kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìwé lórí amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin àti òkúta tourmaline tí wọ́n ń wà ní Ìjerò, kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe níbi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ìwé kòkó ní èdè Yorùbá fún bàbá mi àgbà, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwo orin Ẹlẹ́mùré Ògúnyẹmí, nítorí ẹnu Èkìtì tó fi ń kọrin ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, Àgbàlagbà Akàn, tí Òkédìjí kọ tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ní 1971. Ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n rà, nítorí àwa mẹ́fà ń dúró dè é.