Kámẹ́rà Tó Ń Sùn

Kámẹ́rà aláìní-wáyà ni mò ń so n'Ìbàdàn, èyí tí bátìrì àti sólà kékeré ń gbé. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí n so ọ̀kan mọ́ ògiri, kí oṣù mẹ́fà kọjá, kí onílé má pè mí.

Àwọn èèyàn rò pé ojú kámẹ́rà kì í padé. Irọ́ ni. Oorun ló ń sùn. Ohun tó bá gbé ooru kọjá níwájú rẹ̀ ló ń jí i. Bó bá ti jí, á ká fídíò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ibẹ̀ ni bátìrì ti ń jò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá wá dáa, á jò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá kan ní Bódìjà pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Mo pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. (Bátìrì ọjà náà ní tiẹ̀: wọ́n á kọ 9900 mAh sára bátìrì irú 18650, bẹ́ẹ̀ ojúlówó rẹ̀ tí mo ń lò kì í ju 3500 lọ.) Nígbà kẹta, mo jókòó sí àgbàlá wọn títí oòrùn fi mú. Aṣọ tí wọ́n sá ti gbóná, afẹ́fẹ́ ń fì í, kámẹ́rà sì ń jí. Ìró àti bùbá ló ń ṣọ́ láti àárọ̀!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ ká sún okùn yìí."

Wọ́n ní, "Okùn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ?"

Kámẹ́rà ni mo yí.

Ti sólà, gúúsù ni mo máa ń kọjú rẹ̀ sí, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò. Ẹ má fojú kéré òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan. Àwọn ẹyọ inú sólà so kọ́ra wọn ni, èyí tí òjìji bá bò á fa ìyókù sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, àkísà tútù tó eruku. Oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run ń ṣú ló le. Mo máa ń ní kí wọ́n ti ṣájì bátìrì kún nínú ilé ṣáájú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Bódìjà tún pè. Àyà mi já.

"Kámẹ́rà ẹ ń ṣiṣẹ́ o. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ mi. Sáré lọ bá mi lé e."