Kókó Ojú Okùn: Ẹgbẹ́ Stone Roses ní Warrington

Lọ́sàn-án ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ìkéde kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí a mọ̀ sí The Stone Roses yóò ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ní gbọ̀ngàn Parr Hall, ní ìlú Warrington. Láti ọdún 1996 ni ẹgbẹ́ náà ti túká. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní kí olúkúlùkù mú lọ́wọ́ ni àwo orin ẹgbẹ́ náà, tàbí páálí àwo, tàbí ẹ̀wù tí a tẹ orúkọ wọn sí. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí yìí hàn ni wọ́n ń so ìdè mọ́ lọ́rùn ọwọ́, ìdè náà ni yóò sì fi wọlé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ ní 1895 ni. 1,100 ènìyàn ni ó gbà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi kò sí níbẹ̀. Inú fíìmù tí Shane Meadows ṣe nípa wọn, *Made of Stone*, tí ó jáde ní ọdún 2013, ni mo ti rí i. Nínú gbogbo fíìmù náà, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ. Àwọn ènìyàn ń sáré bọ̀ bí ẹni tí iná ń jó nílé rẹ̀, àwo orin ti ogún ọdún sẹ́yìn wà lábíyá wọn. Lójú tèmi, ẹni tí ó ronú kan ọgbọ́n àwo yìí ni lámèyítọ́ tó gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé owó kò lè ya olólùfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oníworan lásán. (Mo gbà pé ìkà díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọ̀dọ́ tí inú kọ̀ǹpútà nìkan ni orin wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò gbé wá?)

Ìlú Manchester ni ẹgbẹ́ náà ti dìde. Ian Brown ni akọrin, John Squire ni onígìtá. Gary Mounfield, tí gbogbo ayé ń pè ní Mani, ni ó ń ta gìtá báàsì. Alan Wren, tí í ṣe Reni, sì ni onílù. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1989. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹjọ́ àti ìdádúró dé. Ìparí 1994 ni àwo kejì tó jáde. Reni fi wọ́n sílẹ̀ ní 1995, Squire tẹ̀ lé e ní 1996, ilé sì tú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Brown àti Squire kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òkú ìyá Mani, ní 2011, ni ó mú wọn pàdé. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí wa nínú èyí. Mélòó mélòó nínú àwọn ọmọ ìyá tí ń jà ni kò jẹ́ pé abẹ́ àtíbàbà òkú àgbà ni wọ́n ti tún wo ojú ara wọn?

Nígbà tí wọ́n wá padà, àwọn lámèyítọ́ kan ní orin àná ni wọ́n ń tà. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n oríkì ni mo fi ń jẹun. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ẹni tí yóò bá ẹni tí ń ki oríkì wí pé ohun tí ó kì lánàá ni ó tún ń kì lónìí. Èéṣe tí mo fi ń bá àwọn ará Manchester wí? Síbẹ̀, àfiwé yìí ń tiro. Ẹni tí ń ki oríkì a máa ṣà, a máa gé, a máa so ó pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró síwájú rẹ̀ bá ti rí. Àwọn èrò Parr Hall kò fẹ́ irú rẹ̀ rárá. Bí orin ti wà nínú àwo ni wọ́n fẹ́ ẹ.

Níbo ni ẹ̀mí eré náà wà, nígbà náà? Ó wà lọ́wọ́ Reni. Ọ̀pọ̀ onílù rọ́ọ̀kì ń lu ìlù bí ẹni ń kan ìṣó. Ìlù ti Reni a máa fò fẹ́rẹ́, a máa dá báàsì Mani lóhùn, báàsì náà a sì tún bi í léèrè. Nígbà tí ẹlòmíràn jókòó sídìí ìlù ní 1995 sí 1996, orin ń lọ, ṣùgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ yẹn kò sí mọ́.

Ohùn Brown ńkọ́? Ohùn yẹn kì í pẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn tó gbọ́ ọ níbi àjọ̀dún orin Reading ní 1996 kò tíì gbàgbé, ojú sì tì wọ́n fún un. Ní Warrington, ohùn náà kò di tuntun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 1,100 ẹnu gba lílé lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú orin tiwa, ẹnìkan ní í lé, ọ̀pọ̀ a gbè; níbí, ègbè gbé lílé mì. Ẹ̀kú ni, ó bo àléébù; bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó lè wo ojú àwọn tí ń kọrin náà kí ó ní ẹ̀kú lásán ni.

Bí okùn bá já tí a tún un so, dandan ni kí kókó wà níbẹ̀. Oṣù kan kò pé tí kókó fi yọjú: ní Amsterdam, Reni bọ́ kúrò lórí ìtàgé kí eré tó parí, Brown sì bú u níṣojú èrò. Meadows kò gbé kámẹ́rà rẹ̀ wọ ibi ìjà. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó mú kí ọbẹ̀ fíìmù náà tẹ́. Fún eré ọjọ́ mẹ́ta ní Heaton Park, ní ìparí oṣù Kẹfà, 220,000 tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tà láàárín ìṣẹ́jú 68. Nínú agbo ńlá yẹn, ta ni yóò tún bi ọ́ léèrè páálí àwo?

Ẹ̀sùn mi tí n kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyí: wọ́n ṣeré títí di 2017, orin tuntun méjì péré, ní 2016, ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwo kẹta kò jáde.

Mani kú ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 63. Mo tún wo fíìmù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Orin «I Wanna Be Adored» ni wọ́n fi ṣíde ní Parr Hall. Nínú orin náà, ariwo kan ni yóò kọ́kọ́ máa kùn lọ́ọ̀ọ́kán bí ìgbà tí òjò ń bọ̀. Gìtá kò tíì dún, akọrin kò tíì la ẹnu. Báàsì ni yóò wọlé ṣáájú gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀, ní òun nìkan.