Wọlímọ̀ Láìmọ Ìtumọ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni; kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ọmọ kéú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ mi le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìmáàmù Al-Ghazali (1058–1111) sọ nínú Ihya pé ohun àfipamọ́ ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ òbí. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ há ìgbàgbọ́ sórí, kí ìtumọ̀ máa yé e díẹ̀díẹ̀ bó ti ń dàgbà. Èrò tó dára ni. Àléébù tí mo rí níbẹ̀ ni pé kò dá ọjọ́ fún ìtumọ̀. Àwa wá di apá kìíní mú, a ju apá kejì nù. Ọmọ á parí Àlùkùránì, a ó pa ẹran, a ó ṣe wọlímọ̀. Ẹ bi í pé kí ni Fátíhà tó ń fi kírun wí, á máa wolẹ̀.

Nínú Muqaddimah, tí Ibn Khaldun kọ ní 1377, ó ròyìn pé Abu Bakr Ibn al-Arabi fẹ́ kí ọmọ kọ́ èdè Lárúbáwá àti ìṣirò ṣáájú Àlùkùránì, kó má baà máa ka ohun tí kò yé e. Ibn Khaldun yìn ín, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kò gbà á: ẹ̀rù ń ba òbí pé bí ọmọ bá bàlágà, ó lè sá kúrò nídìí ẹ̀kọ́ láìmọ Àlùkùránì rárá. Ẹ̀rù yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ta ni ò mọ ọmọ tó fi wàláà sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́?

Èmi ò ní kí Àlùkùránì dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lè lọ nígbàkígbà, ìtumọ̀ náà ò gbọdọ̀ dúró. Àkùngbá, tó ní yunifásítì, wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọmọ wa tó bá wọ ibẹ̀ á bá ìbéèrè pàdé, ohun tó há sórí láìyé e ò sì ní í bá a dáhùn.

Ó ṣeé ṣe. Sheikh Adam al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó sì kọ́ ọmọ ní Lárúbáwá bí èdè tó ń yéni. Ilé-kéú tí ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí Ààfáà fi èdè ilé sọ ìtumọ̀ súrà kúkurú lọ́jọ́ tí ọmọ há a. Kí a sì dẹwọ́ pàṣán: ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í béèrè ìtumọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní ta wá lọ́rẹ. Àmín.