Ẹni tí ó mọ ọjọ́ ikú ara rẹ̀

Ìtàn ẹni tí ó ti mọ bí òun yóò ṣe kú kí ọjọ́ náà tó dé pọ̀ nínú ìwé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àlá tàbí aríran ni ó sọ fún un, òun náà yóò sì máa sá kiri. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò sá. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ọba bá wàjà, òun yóò bá ọba lọ. Ó jẹ oyè náà, ó sì jẹ gbogbo adùn tí ó wà nínú oyè náà.

Wọlé Ṣóyínká ni ó kọ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní 1994, ó sì pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Eré ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lè pín in kà: kí ẹnìkan ka ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin, kí ẹlòmíràn ka ti Ìyálọ́jà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni ó wà nídìí ìtàn náà. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Àṣà ni pé kí Olókùn-Ẹṣin kú tẹ̀lé e. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó, irú ẹni tí àwa tí Faransé ṣe àkóso wa ń pè ní kòmáńdà, kò jẹ́ kí ó kú. Ni ọmọ rẹ̀ bá kú dípò rẹ̀.

Dúró Ládiípọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré ṣáájú, ní 1964. Ọba Wàjà ni ó pè é. Nínú tirẹ̀, ọrùn ajẹ́lẹ̀ ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ ọ́ títí di òní: Òyìnbó ni ó ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ ka ìwé Ṣóyínká, ẹ ó rí i pé kí Òyìnbó tó dé, nǹkan ti bàjẹ́ nínú ọjà.

Ẹ wo bí Ẹlẹ́ṣin ṣe wọ ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tòun ti onílù àti ẹni tí ń kì í. Ó pa ìtàn ẹyẹ kan fún àwọn obìnrin. Ikú ń pe ènìyàn. Àgbẹ̀ gbọ́, ó ní kì í ṣe òun. Ọdẹ gbọ́, ó ní kì í ṣe òun. Olúkúlùkù ń wí àwáwí. Ẹlẹ́ṣin ní òun nìkan ni òun tẹ́ ẹní. Ìtàn náà dùn. Ó tilẹ̀ dùn jù, lójú tèmi. Ẹni tí ọ̀nà yá kì í dúró ṣàlàyé fún gbogbo ọjà pé ẹ̀rù kò ba òun.

Lẹ́yìn náà, ó ṣe bí ẹni pé inú ń bí òun. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àṣé aṣọ ni ó fẹ́. Wọ́n wọ aṣọ olówó iyebíye fún un. Kò pẹ́, ó rí ọmọge kan tí ń kọjá, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà. Ó ní òun fẹ́ ẹ, ní alẹ́ yìí kan náà. Ta ni yóò fi nǹkan du ẹni tí ń lọ bá ọba? Ìyálọ́jà gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un gidigidi. Ìtàn, aṣọ, aya. Nígbà tí òṣùpá dé ibi tí ó yẹ kí ó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo.

Ibí yìí ni ìwé náà ti ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí mọ ọjọ́, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ẹni tí òun ń lọ bá. Mímọ̀ náà ni ó fún un ní ọlá. Kò fún un ní agbára láti lọ. Nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyàwó tuntun náà: ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru Òyìnbó, ó di ru àwọn òrìṣà, ó wá fẹ́ dì í ru ọmọge náà. Lẹ́yìn náà ni ó gbà pé ayé ni òun kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Olúńdé, ọmọ rẹ̀, ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Òyìnbó. Ó wá sin bàbá, ó bá bàbá láàyè, ó sì kọ̀ ọ́ ní bàbá. Òru kan ṣoṣo ni ó fi mọ̀ pé ikú ti kan òun, ó sì lọ. Èmi ì bá fẹ́ kí ó ṣiyè méjì díẹ̀. Ó gún régé jù fún ọmọ ènìyàn.

Bíyí Bándélé fi ìwé náà ṣe fíìmù, Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí ó jáde ní 2022. Yorùbá inú rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ àti ijó gba ojú wa púpọ̀, ìtàn ẹyẹ yẹn kò sì dúró lọ́kàn bí ìgbà tí a bá kà á.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní pẹ̀lú Ṣóyínká. Ìyàwó yẹn kò ní orúkọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n fà á fún ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ pé yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí Ẹlẹ́ṣin rí òkú ọmọ rẹ̀, tí òun náà sì kú sínú àhámọ́, ọmọge yìí ni ó wọlé, ó pa á lójú dé, ó bu erùpẹ̀ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi í bóyá ó fẹ́.