Ìyá Shekau Lẹ́nu Oníròyìn

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ rédíò Ohùn Amẹ́ríkà (VOA) gbé ọ̀rọ̀ Falmata Abubakar jáde. Òun ni ó bí Abubakar Shekau, olórí Boko Haram, ẹni tí ó fi orúkọ abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Yobe ṣe orúkọ. Ohun tí ìyá náà sọ kò pọ̀. Ọmọ náà lọ sí Maiduguri gẹ́gẹ́ bí àlímájìrí láti kọ́ Kùránì. Ó bá Mohammed Yusuf pàdé. Ìyá kò sì fojú kàn án mọ́ fún ọdún 15. Kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ní Durumi, ní Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìròyìn lásán. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn ará Gwoza sá wá fara pamọ́ sí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Shekau gba ìlú wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Kí ni kí abiyamọ tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Gwoza ṣe sí ọ̀rọ̀ abiyamọ yìí? Kí ó bá a kẹ́dùn ni, tàbí kí ó di etí?

Yorùbá a máa sọ pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn oníròyìn náà tọ̀. Bàbá Shekau, tí í ṣe lèmọ́mù, ti kú. Ìyá nìkan ni ó kù láti jẹ́jọ́. Nínú eré *Efúnṣetán Aníwúrà* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ikú ọmọ ni ó sọ ìyá di ìkà, òǹkàwé sì rí okùnfà dì mú. Àwọn oníròyìn náà wá okùnfà ìkà ọmọ lára ìyá, wọn kò rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára jù ni ibi tí Falmata ti ní ìwà tí ọmọ náà ń hù kọ́ ni òun fún un, síbẹ̀ kò sí ìyá tí kì í fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú eré tiwa ni, ìyá ì bá ti na ọmú síta, kí ó fi gégùn-ún. Falmata kò gégùn-ún, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó gbà pé ó ti kó wàhálà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ní kí Ọlọ́run fi ọ̀nà rere hàn án. Ó ṣòro kí òǹkọ̀wé tó lè hun irú rẹ̀.

Àbùkù iṣẹ́ náà ni pé ìgbésí ayé obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ṣáá ni. Shekau kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, nínú ìjà òun àti ẹgbẹ́ ISWAP. Ẹni tí ó bá tún ka ọ̀rọ̀ náà lónìí yóò máa wá ìbéèrè kan tí ì bá ti ṣáájú gbogbo wọn: ta ni ó sọ pé kí ọmọ náà máa lọ sí Maiduguri, ǹjẹ́ wọ́n sì bi ìyá léèrè?