Àyè Màmá

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ń yan gómìnà, ìlà wa ti gùn kí aago mẹ́jọ àbọ̀ tí ìbò máa ń bẹ̀rẹ̀ tó lù. Ibùdó ìdìbò 3,933 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Tiwa wà lọ́nà Òdà, ní Àkúrẹ́. Àwọn tó tètè jí ti fi òkúta àti búlọ́ọ̀kù gba àyè sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ṣíwájú gbogbo wa.

Bí àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń to tábìlì, màmá kan yọ lókèèrè, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Gèlè aṣọ òfì ni wọ́n wé, bíi ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n wo bí ìlà ti gùn tó, wọ́n sì rọra yà sẹ́yìn ẹni ìkẹyìn.

Ìlànà àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní kí arúgbó bọ́ síwájú. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyá arúgbó kọjá!", kí gbogbo ojú sì yí sí wọn. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ò pariwo. Ó lọ bá wọn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Àyè yín tí mo ń bá yín ṣọ́ láti ìdájí ti wà níwájú."

Ó mú wọn dé ìdí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó gbọn eruku orí rẹ̀ dànù, ó tẹ́ aṣọ ìnujú rẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n jókòó. Òun alára wá padà sí ìdí ìlà, níbi tí màmá ì bá dúró sí. Ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Ká ní ó kàn sún sẹ́yìn ni, gbogbo wa ni ì bá jọ sún. Òun nìkan ló pàdánù àyè.

Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú Àkúrẹ́ rí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983 yóò mọ ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kéde pé Ọmọ́bọ́ríowó ló borí Ajáṣin, gómìnà tó wà lórí ipò, nínú ìbò gómìnà. Iná sọ, ẹ̀mí lọ, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajáṣin. Màmá yìí ti dàgbà nígbà náà. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, ariwo "dìbò kí o sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò, ló gba ìlú kan. Síbẹ̀ màmá wé gèlè wá.

Ẹ̀rọ BVAS ò dá àtàǹpàkò wọn mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ti nu ìlà ìka wọn. Ojú wọn ni ẹ̀rọ náà fi dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, wọn ò gba ọ̀nà ilé. Ìdí ìlà ni wọ́n wá, tàdáwà ò tíì gbẹ léèékánná wọn.

"Ọkọ mi, àyè rẹ ti ṣófo o. Lọ jókòó."

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, kò kúrò níbi tó wà. Búlọ́ọ̀kù wà níwájú pẹ̀lú aṣọ ìnujú lórí rẹ̀. Oòrùn mú wa, ẹsẹ̀ ro wá, kò sẹ́ni tó jókòó lé e títí ìlà fi kàn án.