Àrokò Lẹ́nu Àlejò: Òfin Ìbẹ̀wò Nínú Ìwé Ẹ̀wọ̀n Méjì

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ bi ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú bá kọ: ta ni òfin gbà láàyè láti wá kí i, kí ni a sì gbà kí ẹni náà mú wá? Ìdáhùn sí méjèèjì ni ó ń pinnu irú èdè tí ìwé náà yóò lò. Long Walk to Freedom (1994) ti Nelson Mandela àti The Man Died (1972) ti Wọlé Ṣóyínká fi èyí hàn kedere.

Ní erékùṣù Robben ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Mandela wà láti 1964 títí di 1982, òfin ní òǹkà. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó wà ní ipele D, tí ó rẹlẹ̀ jù lọ, ní ẹ̀tọ́ sí àlejò 1 àti lẹ́tà 1 láàrin oṣù 6. Ìbẹ̀wò kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Lẹ́tà kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 500 lọ. Gíláàsì wà láàrin tọkọtaya, wọ́dà sì dúró tì wọ́n kí wọ́n má baà sọ ju ọ̀rọ̀ ẹbí lọ.

Mandela wá ń béèrè àlàáfíà ìjọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń béèrè àwọn àlùfáà àti ìwàásù tuntun. Ẹgbẹ́ ANC ni ìjọ náà. Àwọn kan lè pe èyí ní ẹnà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnà a máa yí ìró ọ̀rọ̀ padà, ẹni tí kò gbọ́ ọ a sì mọ̀ pé a ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Ìjọ ṣì ń jẹ́ ìjọ létí wọ́dà. Àrokò ni ó bá a mu jù: owó ẹyọ ni gbogbo ojú rí, ẹni tí a pa á ránṣẹ́ sí nìkan ni ó mọ ohun tí ó wí.

Ṣùgbọ́n àrokò kò ṣeé pa níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò gbà á. Ìjọba ológun mú Ṣóyínká ní oṣù kẹjọ 1967, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1969. Òun nìkan ni wọ́n tì mọ́lé fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, ní Kàdúná. Wọ́n fi ìwé kíkà, gègé àti tákàdá dù ú. Àárín ìlà ìwé tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ àti orí bébà ilé ìgbẹ́ ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Abájọ tí ìtàn rẹ̀ fi ń fò láti ìbínú sí àlá, láti àlá sí àròjinlẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá ka èyí sí àìlétò lásán kò tíì ka òfin tí ó bí i.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a yin òfin náà bí ìyá iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí ìwé àfọwọ́kọ tí Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ní 1977, ọdún 4 ni wọ́n fi gba àǹfààní ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀dà tí Mac Maharaj yọ́ gbé jáde ní 1976 ni ó là. Ní 1984, ní ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, Mandela fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàrin ọdún 21. Ìjọ kò sí níbẹ̀ mọ́, àlùfáà kò sí. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi léèrè ìlò èdè nínú ìwé yìí kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó sọ iye tí òfin ti gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tí ó rí ènìyàn rẹ̀ dì mọ́ra kò nílò àrokò.